Ọmọ Ọ̀kun tó kẹ́kọ̀ọ́ agbára àti àyíká: iṣẹ́ wo ló yẹ kó gbà?

Bí ọmọ bá kẹ́kọ̀ọ́ òfin, bàbá rẹ̀ á jókòó síwájú ilé ní Kàbà, ní ilẹ̀ Ọ̀kun ti ìpínlẹ̀ Kogí, á sọ fún àlejò pé lọ́yà lọmọ òun. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀. Ọmọ tó wá lọ kẹ́kọ̀ọ́ agbára àti àyíká ńkọ́? Wọ́n kọ́ ọ ní iná mànàmáná díẹ̀, ètò ọrọ̀ ajé díẹ̀, òfin díẹ̀, ìmọ̀ nípa ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó délé, wọ́n ní, "Ọ̀kun o, kú àbọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè dé: "Kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí o kọ́ gan-an?"

Wọ́n ti bi èmi náà rí. Ìyá mi ló bi mí, níbi tó ti ń ṣa kajú sínú àpò, n kò sì rí orúkọ kan fún un. Láti ìgbà náà, mo ti ṣe mẹ́ta nínú iṣẹ́ márùn-ún tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín, mo sì sún mọ́ àwọn tó ń ṣe méjì tó kù. Àwọn àbúrò láti Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀ ń pè mí, ohun kan náà ni wọ́n sì ń béèrè. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kí a tó mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ fi wọ̀n wọ́n. Ẹni tó ka ẹ̀kọ́ wa mọ díẹ̀ nínú ohun púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún díẹ̀-díẹ̀ yẹn títí o fi ní ohun kan tí o lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe dé òpin. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ iṣẹ́ ni pé: kí ni yóò kọ́ ọwọ́ mi láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́? Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó: ìgbà wo ló máa kọ́kọ́ wọlé, ṣé oṣooṣù ni, èló ni mo sì máa ná kí n tó wọ iṣẹ́ náà? Lẹ́yìn owó, ibi tí mo máa gbé, torí kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń jẹ́ kéèyàn sùn ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú. Lẹ́yìn ìyẹn ni bóyá iṣẹ́ náà ṣeé gbára lé: bí ìjọba bá yí padà, bí owó òkèèrè bá tán, ṣé iṣẹ́ á ṣì wà? Ọ̀kan tún wà tí a kì í sọ síta. Ẹrù ilé ni. Àkọ́bí tí àbúrò mẹ́rin ń wò lójú kò lè yan bí àbíkẹ́yìn ṣe ń yàn, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ owó lè yé wa, ẹ fi iye méjì yìí sọ́kàn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti ọdún 2024 ni ₦70,000. Owó àgùnbánirọ̀ ni ₦77,000. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ san ohun tó kéré sí ti àgùnbánirọ̀ fún ọ lẹ́yìn ìsìnlú, ó gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tó ń kọ́ ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má gbà á.

Iṣẹ́ ìjọba

Àwọn òbí wa fẹ́ràn èyí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá ẹ̀kọ́ wa mu pọ̀ ju bí àwọn ọmọ ṣe rò lọ. Ní Àbújá, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún àyíká wà, NESREA tó ń rí sí pé a pa òfin àyíká mọ́, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, wà, REA tó ń mú iná dé ìgbèríko wà, òfin tó dá Energy Commission, àjọ tó ń ṣètò ìlànà agbára, sílẹ̀ sì ti wà láti 1979. Ní Lọ́kọ́ja, ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀.

Ohun kan tuntun wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa darí ọ̀rọ̀ iná láàárín ilẹ̀ wọn, Kogí sì wà lára àwọn tó ti gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná. Ìyẹn ni pé ìgbìmọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ wa ni yóò máa sọ iye tó yẹ kí kílówáàtì-wákàtí kan (ìwọ̀n tí mítà fi ń ka iná) jẹ́, ta ló lè tà á, àti ohun tí oníbàárà lè ṣe bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó lè ka òfin, kó ka mítà, kó sì jókòó ti ìwé ìṣirò owó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwa la kọ́ ọ. Òfin ojú ọjọ́ ọdún 2021 tún sọ pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní tábìlì, ìyẹn ẹ̀ka kékeré, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Bí mo bá ní àbúrò tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìjọba ní dandan, ibi méjì yìí ni mo máa tì í sí.

Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Owó ìfẹ̀yìntì wà: nínú ètò tó wà báyìí, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un. Láti wọlé ni wàhálà. Èèyàn lè dúró ọdún mẹ́ta de lẹ́tà kan. Bí o bá sì wọlé, ọdún méjì àkọ́kọ́ lè jẹ́ fáìlì gbígbé láti yàrá kan sí èkejì. Mo rí ọmọ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa nígbà tó ń ṣe ìsìnlú, tí kò fọwọ́ kan ohun èlò kankan mọ́ láti ìgbà tó ti wọ ọ́fíìsì. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sínú àwọn tó ń lọ sí ìta, kódà bí kò bá sí owó ìrìnnà.

Sólà

Níhìn-ín ni mo fẹ́ jókòó pẹ́, torí ibẹ̀ ni ọmọ Ọ̀kun ti lè jẹun láìkúrò nílé, ibẹ̀ náà ni àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ti ń ba orúkọ jẹ́ jù.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tí kò máa ronú kó tó fa okùn rẹ̀. Onígàrí ń ronú, ẹni tó ń gé irun ń ronú, ilé ìwòsàn ń ronú. Iná ìjọba tó ń gba ọwọ́ AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa la mọ ìgbà tó ń dé. Sólà wá di ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan hàn yín. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Kàbà pè mí. Wọ́n ti bá a gbé sólà kọ́ tẹ́lẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì méjì àti bátìrì olómi kan, ṣùgbọ́n kí ó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, gbogbo rẹ̀ ti kú, fíríìjì á sì máa sun omi. Ó ní ẹni tó bá òun ṣe é sọ pé kí òun ra bátìrì méjì sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á ná." A fa ìwé yọ. Fíríìjì ń jẹ wáàtì 120. Kì í ṣiṣẹ́ láìdánudúró, nítorí náà a fún un ní wákàtí 10 lójúmọ́, ó di wáàtì-wákàtí 1,200. Fáànù méjì tó ń jẹ wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 8, 960. Gílóòbù mẹ́fà, wáàtì 10, wákàtí 6, 360. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80, wákàtí 5, 400. Gbogbo rẹ̀ di 2,920, ká pè é ní kílówáàtì-wákàtí 3 lójúmọ́. Oòrùn tó mú dáadáa lọ́dọ̀ wa, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni mo máa ń fi ṣírò, mo sì máa ń yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fún eruku, ooru àti ohun tí wáyà ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì tó yẹ ẹ́ ń lọ sí wáàtì 950, ìyẹn mẹ́ta tó jẹ́ 350. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12, 220Ah (ámpù-wákàtí, ìyẹn iye iná tó lè gbà). Lórí ìwé, wáàtì-wákàtí 2,640 ni, ṣùgbọ́n bátìrì olómi tí o bá fẹ́ kó pẹ́, ìdajì ni kí o máa fà nínú rẹ̀. Ó ku 1,320. Fíríìjì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Títí dé ibẹ̀, oníná èyíkéyìí tó lè ṣírò á ṣe é. Mo wá béèrè ohun tó ń kó sínú fíríìjì náà. Oògùn ni, ó ní, àti omi inú ọ̀rá, torí àwọn ọlọ́kadà máa ń wá ra omi tútù. Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ìlẹ̀kùn fíríìjì oògùn ń ṣí, ó ń pa dé láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí omi, ooru ń wọlé, ẹ̀rọ rẹ̀ ò sì sinmi. A kò ra bátìrì méjì náà. A fi pánẹ́ẹ̀lì kan kún un, a gba bátìrì lítíọ́mù kan dípò olómi, a sì ya omi sọ́tọ̀ sínú fíríísà kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nìkan, nígbà tí oòrùn ń dà nù. Yìnyín tó bá dì lọ́sàn-án á gbé omi náà di alẹ́. Fíríìjì oògùn wà ní títì, kò sì jẹ iná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ tó báyìí ni pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn gan-an: bí èèyàn ṣe ń lò ó, iye tó ń ná an, àti bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe, lójú kan náà. Oníná tó mọ wáyà ju mí lọ kò béèrè ọ̀rọ̀ omi, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó béèrè.

Ẹ wo ohun tó máa ná yín. Bí ẹ bá fẹ́ dá dúró, ẹ nílò mítà tó ń wọn fóòtì, mítà ẹlẹ́nu tó ń wọn iná tó ń kọjá nínú wáyà, ẹ̀rọ ìlu, àkàbà, okùn tí ẹ máa so mọ́ra lórí páànù, àti ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ wáyà ju yín lọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kò ṣeé fi owó rà kíákíá. Ẹ lọ bá ọ̀gá oníná kan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ẹ máa gbé àkàbà fún un, ẹ má sọ pé ìwé yín ju tirẹ̀ lọ.

Owó rẹ̀ kò dọ́gba. Oṣù kan á dé tí ẹ máa rí ohun tó tó owó oṣù mẹ́ta òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù méjì tó tẹ̀ lé e á gbẹ. Lọ́dọ̀ wa, gbèsè sábà máa ń gbé orúkọ kajú: "Ẹ bá mi gbé e kọ́, tí a bá ti ta kajú, màá san." Nígbà mìíràn ìkórè dára, wọ́n á san. Nígbà mìíràn àwọn olùrà gé owó, gbèsè á sì wọ ọdún kejì. Mo ti kọ́ láti gba owó ohun èlò tán kí n tó gbé ohunkóhun kúrò ní ọjà. Kìkì owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n jẹ mí. Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀: eruku oṣù kejìlá sí oṣù kejì máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì, ẹni tí kò bá kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, ipè ẹ̀sùn ló máa máa gbọ́. Ìrìn alẹ́ lójú ọ̀nà wa kò sì dára mọ́. Mo máa ń parí iṣẹ́ kí aago mẹ́ta tó lù, bí mi ò bá sì parí, mo máa ń sùn síbẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ dá dúró, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ iná àdáwà fún abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní mínígírììdì, ń gba èèyàn. Òfin NERC ti ọdún 2023 fàyè gba èyí tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ, èyí tí kò sì tó kílówáàtì 100, ìforúkọsílẹ̀ ti tó fún un. Báńkì Àgbáyé ti fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún ètò DARES ní ìparí ọdún 2023, èrò wọn sì ni kí iná dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnjiníà ń ya àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó pẹ̀lú baálẹ̀ àti àwọn àgbà ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ̀, tó máa fi èdè Yàgbà ṣàlàyé ìdí tí iná yìí fi wọ́n ju ti NEPA lọ, tó sì máa padà lọ kọ ìwé tó yè kooro fún àwọn tó ń yáni lówó, ẹni yẹn ni wọ́n ń wá kiri. Owó oṣù wà níbẹ̀, ó sì máa ń dára ju ti ìjọba lọ. Àbújá ni ẹ máa gbé jù, ẹ ó sì máa wá sílé nítorí iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn tó ń kọ ìròyìn àyíká

Láti ọdún 1992 ni òfin ti wà pé iṣẹ́ ńlá kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣe ìwádìí ipa tó máa ní lórí àyíká. EIA ni gbogbo wa ń pè é. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tán láé: símẹ́ńtì wà ní Ọbájánà, ilé iṣẹ́ Dangote tó lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16.25 lọ́dún, àwọn tó ń fọ́ òkúta wà, àwọn tó ń wa kùsà wà, irin Ajaokuta sì wà lápá ibẹ̀. Òfin ojú ọjọ́ ọdún 2021 tún ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tàbí àyíká. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò tíì mọ̀ pé òfin náà wà. Ọmọ tó bá kọ lẹ́tà síbẹ̀, tó tọ́ka sí òfin náà, tó sì sọ ohun tí òun lè ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ti yàtọ̀ sí ọgọ́rùn-ún tó kàn fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà níbí, wọn ò sì jọra. Èkíní ni kí o jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ilé iṣẹ́, nídìí ààbò òṣìṣẹ́ àti àyíká. Owó rẹ̀ dára, ó ń wọlé lóṣooṣù, ọwọ́ rẹ á sì mọ ohun tó ṣe gúnmọ́: bí wọ́n ṣe ń wọn eruku, bí wọ́n ṣe ń wọn ariwo, bí wọ́n ṣe ń gba omi sínú ìgò fún àyẹ̀wò. Wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ààbò bíi NEBOSH ti Ìlú Ọba tàbí ti ISPON, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ má san án kí ẹ tó mọ èyí tí ilé iṣẹ́ tí ẹ ń fojú sí ń béèrè.

Èkejì ni kí o bá àwọn agbaninímọ̀ràn ṣiṣẹ́, àwọn tó ń kọ ìròyìn EIA. Èmi ti ṣe é. Mo kọ́ púpọ̀ níbẹ̀: mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo kọ́ àwòrán ilẹ̀ yíyà lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí mo ṣì ń jẹ lára rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì mi, ọ̀gá wa ní kí n kọ orí kan nípa odò tí n kò fojú rí rí. Ó fún mi ní ìròyìn àtijọ́ ti ibòmíràn, ó ní kí n pààrọ̀ orúkọ. Àwọn èèyàn ń bẹ lẹ́bàá odò náà tí wọ́n ń pọn omi rẹ̀ mu. N kò kọ ọ́, wọ́n sì jẹ mí ní owó oṣù mẹ́ta tí n kò rí gbà títí mo fi kúrò. Nítorí náà, kí ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n ń dé ojú iṣẹ́ kí wọ́n tó kọ ìròyìn kan. Bí ìdáhùn wọn bá ń lọ́, ẹ máa lọ.

Iṣẹ́ àwọn àjọ àti owó òkèèrè

Ọmọ Kogí kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìkún omi fún un. Ní 2012, ó ṣẹlẹ̀. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀. Omi gba ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní apá Koton Karfe, ọkọ̀ epo dúró sójú kan, ẹni tó ń bọ̀ wálé láti Àbújá yí gba ibòmíràn. Irú nǹkan báyìí ló ń mú owó àwọn àjọ wá. ACReSAL, ètò ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi tí Báńkì Àgbáyé fi $700 mílíọ̀nù sí, ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ 19 ní àríwá pẹ̀lú Àbújá, Kogí sì wà nínú rẹ̀.

Owó iṣẹ́ yìí máa ń dùn mọ́ni ju gbogbo èyí tí mo ti kà lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọkọ̀ wà, owó ìrìnnà wà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó ní ọjọ́ tó máa parí, ọjọ́ yẹn sì ti wà nínú ìwé kí o tó wọlé. Ọdún 6 ni wọ́n fún ACReSAL, ọ̀pọ̀ kọ́ńtíráàtì kò sì ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ àwọn tó ra mọ́tò ní ọdún kìíní, tí wọ́n tà á ní ọdún kẹta. Bí ẹ bá wọ ọ̀kan, ẹ máa gbé bí ẹni tó ń gba ìdajì owó náà, kí ẹ fi ìdajì yòókù pamọ́ fún oṣù tí kò ní sí kọ́ńtíráàtì.

Ìwé sí i

Èyí kò ní gùn, torí èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ẹni tó bá ń lọ fún ìwé ẹ̀rí kejì tàbí ìkẹta kò gbọ́dọ̀ wo òkè òkun nìkan. WASCAL, àjọ ìwádìí ojú ọjọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Jámánì ń náwó sí, ní ibùdó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ àti ti Minna. Láti Kàbà, ẹ lè jẹun àárọ̀ nílé kí ẹ sì dé Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ti Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, wà fún ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ojú ọjọ́ pẹ̀lú agbára. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, PAUWES, ní Tlemcen, Àlùjíríà, omi àti agbára ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ní ọ̀nà ẹnjiníà tàbí ní ọ̀nà ìlànà ìjọba, wọ́n sì ń fún àwọn tí wọ́n bá mú ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Chevening, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìlú Ọba, ń béèrè ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kó tó kàn ọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn ìsìnlú.

Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì ńkọ́? Ẹ rántí pé ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ẹni tó ní aya tàbí ọkọ tó ń ṣiṣẹ́, tàbí tó ní oko, ló fi ara da á. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí díẹ̀ nínú yín lọ. Láti ìgbà tí yunifásítì ìpínlẹ̀ ti wà ní Kàbà, a nílò ẹni tó lè ṣe ìwádìí nípa igi tí a ń sun di eédú ní Bùnú àti Yàgbà, kó sì kọ́ ọmọ wa lórí ohun tó wà lójú wọn.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Àkọ́bí tí ilé ń wò, tí bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kó wá iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ní àkọ́kọ́, pàápàá nídìí ààbò àti àyíká. Owó oṣooṣù ló nílò, iṣẹ́ náà á sì kọ́ ọ ní ohun tó ṣeé gbé kiri. Bí kò bá rí i, kó gba mínígírììdì kí ó tó gba ti ìjọba, torí ìdúródè ti ìjọba lè pa àwọn àbúrò rẹ̀ lára.

Ẹni tó fẹ́ gbé nílé, tí ó ní sùúrù fún oníbàárà, tí kò bẹ̀rù òkè páànù, sólà ni tirẹ̀. Kó má bẹ̀rẹ̀ láìní ọ̀gá.

Ẹni tó fẹ́ràn ìwé òfin, tí kò lè fara da gbèsè àti ìrìn àjò, kó lọ sídìí ìgbìmọ̀ iná ìpínlẹ̀ tàbí tábìlì ojú ọjọ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Kó ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́ bó ṣe ń dúró.

Àbíkẹ́yìn tí kò sẹ́ni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní máàkì tó dára, kó kọ ìwé sí WASCAL àti PAUWES lọ́dún yìí. Iṣẹ́ àwọn àjọ, mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fi sí ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ọwọ́ wọn bá ti mọ ohun kan tó lè bọ́ wọn lọ́jọ́ tí kọ́ńtíráàtì bá tán.

Ẹni tó ṣì wà nínú ìsìnlú, tí kò tíì lè yàn, kó lo oṣù tó kù fún un láti wá ibi tó ti máa fọwọ́ kan mítà. Bó bá jẹ́ ìtòsí Kàbà ni wọ́n fi í sí, iṣẹ́ wà: a nílò ẹni méjì tó máa bá wa lọ ka iná tí àwọn ilé ẹlẹ́rọ gàrí láti Ìyàrà dé Odò-Ẹrẹ̀ ń jẹ, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.